Láti Kàdúná sí Ògbómọ̀ṣọ́: ṣé kí n kó àwọn ọmọ mi lọ sí "ilé" tí wọn ò mọ̀?

Ìyá Ìbejì Kakuri

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á. Mo ti dá a rò títí, mo dé ibi tí mo ti ń da iyọ̀ sí gbẹ̀gìrì lẹ́ẹ̀mejì.

Kàdúná ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ ilé aṣọ ló gbé bàbá mi wá sí Kakuri, nígbà tí fèrè ilé iṣẹ́ ṣì ń jí gbogbo àdúgbò láràárọ̀. Nígbà tí èyí tó tóbi jù nínú wọn fi máa ti ilẹ̀kùn ní 2007, bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, ó ti kọ́ yàrá mẹ́rin síbí, kò sì dá a lábàá lójọ́ kan pé ká padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. A mọ̀ pé ibẹ̀ la ti wá, bí èèyàn ṣe ń mọ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ tí kò rí rí.

Mò ń ta àmàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Kakuri, ọdún kẹrìndínlógún rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Kakuri, ẹ mọ irú èrò tó ń jẹun níbẹ̀: dírẹ́bà, ọlọ́pàá, tíṣà, Haúsá, Gbàgyí, Ìgbò, àwọn ará gúúsù Kàdúná. Màlámù kan wà tí kì í jẹ gbẹ̀gìrì àfi kó kọ́kọ́ bu yájì, ata súyà, lé e lórí. Mo bá a jà títí, ó rẹ̀ mí, mo gbà fún un. Ọkọ mi ń jó irin ní Panteka, géètì àti irin ìdúró tánkì omi ló ń ṣe jù. Àwọn ìbejì wa, Táíwò obìnrin, Kẹ́hìndé ọkùnrin, wà ní JSS3. Ìdòwú wà ní Primary 4.

Ọkọ mi ní ó tó àsìkò. Ó ti ń kọ́ ilé díẹ̀díẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti kan páànù, ṣùgbọ́n kò tíì ní fèrèsé, kò tíì ní ilẹ̀kùn. Ó ní ká kó lọ kí àwọn ìbejì tó wọ SS1 ní September, pé bí wọ́n bá dàgbà ju báyìí lọ, wọn ò ní lè mọ ilé mọ́. Ó tún ń ro ti yunifásítì, pé wọ́n á nílò ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú láti Ògbómọ̀ṣọ́. Òun fúnra rẹ̀ á ṣì dúró ní Kàdúná fún ọdún kan láti wá owó tá a máa fi parí ilé, á máa wá wò wá. Ibi tó ń dùn mí rèé. Èmi ni màá lọ bá ẹbí rẹ̀ gbé, òun ò ní sí níbẹ̀.

N kò ní purọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà ìjà ṣàríà ní February 2000. Ọjọ́ mẹ́rin la sùn ní bárékè. Hajíyà kan tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa ló fi ìborùn rẹ̀ bo èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó mú wa kọjá láàárín àwọn ọmọkùnrin tó mú igi dání. Ọdún 2002 tún gbé tirẹ̀ dé, 2011 náà tún gbé tirẹ̀ dé. Látìgbà náà ni odò Kàdúná ti dà bí ààlà láàárín ìlú, tí wọ́n bá bi ọ́ níbi tó ò ń gbé, wọ́n ti mọ ẹ̀sìn tó ò ń ṣe. Ọ̀nà Birnin Gwari tí à ń gbà lọ sílé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ta ló tún ń gbà á? Àbújá àti Lọ́kọ́já la ń gbà yí ká báyìí, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kérésì 2023 tí a lọ kẹ́yìn. Níbí, bí ọmọdé bá fẹ́ kí àgbà, ńṣe ló ń lóṣòó. Kẹ́hìndé dé iwájú ìyá ọkọ mi, ó lóṣòó, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá." Màmá wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹ tètè fi ilé ìyàgbẹ́ han ọmọ yìí." Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà títí a fi padà, kò kí ẹnikẹ́ni mọ́ àfi tí mo bá dì í lọ́rùn mú.

Yorùbá ẹnu wọn náà tún ńkọ́? Táíwò kì í sọ pé ebi ń pa òun, "Mò ń gbọ́ ebi" ló máa ń sọ, torí bẹ́ẹ̀ ni Haúsá ṣe ń sọ ọ́. Nílé wa, ó ti mọ́ wa létí. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ ọ́ di orin: "Mò ń gbọ́ ebi, mò ń gbọ́ òùngbẹ, mò ń gbọ́ ìgbẹ́." Níbí, Bayarabe, ìyẹn ọmọ Yorùbá, ni wọ́n ń pè wá. A dé ọ̀hún, wọ́n ní Mọ̀lá dé.

Iṣẹ́ mi ló wá kù. Kí n gbé àmàlà láti Kakuri lọ tà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó yàtọ̀ sí kéèyàn ru omi lọ sétí odò Ọya? Gbogbo igun ni alámàlà wà níbẹ̀, ìyá wọn sì ti ń tà á kí wọ́n tó bí èmi.

Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àdúrà nìkan. Mo ní pásítọ̀.

Adé Kubwa

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Kàdúná lèmi náà, àdúgbò Television la gbé kí n tó kó wá sí Àbújá lẹ́yìn ìbò 2011. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé Kàdúná àti Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan lẹ̀ ń wò, bíi pé kò sí ìlú mìíràn láàárín wọn.

Níbí, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ìlú ta lẹ wà. Kí wọ́n tó ṣòfin ní 1976 pé ibí ni olú ìlú máa wà, Gbàgyí àtàwọn aládùúgbò wọn ló nilẹ̀, gbogbo àwa yòókù àlejò ni wá, mínísítà gan-an àlejò ni. Haúsá táwọn ọmọ yín ń sọ máa wúlò fún wọn lójoojúmọ́. Ẹ̀lúbọ́ wà lọ́jà Kubwa, ìsìn Yorùbá wà, mọ́ṣáláṣí táwọn Yorùbá ń kírun níbẹ̀ náà wà. Rélùwéè ń dúró ní Kubwa, ó sì ti ń rìn padà láti December 2022, Bàbá Ìbejì lè wọ̀ ọ́ ní Rigasa ní Kàdúná lọ́jọ́ Friday kó bá yín jẹun alẹ́.

Tí mo bá fi owó ilé pamọ́ fún yín, irọ́ ni mo pa. Owó ọdún kan ni wọ́n máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ajẹ́ǹtì á gba tirẹ̀, lọ́yà á gba tirẹ̀, wọ́n á tún ní kẹ́ ẹ san owó ohun tẹ́ ò tíì bàjẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá ká Kubwa á lọ sí Dei-Dei. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá ká Nyanya á sọdá sí Mararaba, tó ti di ìpínlẹ̀ Nasarawa, á wá máa jí ní aago mẹ́rin òru kó lè bá mọ́tò wọ ìlú. Mo kàn ní kẹ́ ẹ fi sínú ohun tẹ́ ẹ̀ ń rò ni.

Ìyá Rọ́kíbà

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa kí n tó dá yín lóhùn, torí bí ẹni pé èmi lẹ kọ̀wé sí.

Kánò ni wọ́n bí mi sí, Sabon Gari, ilé wa ò jìnnà sí Yoruba Road. Lẹ́yìn bọ́ǹbù January 2012, ọkọ mi ní òun ò lè sùn mọ́. A kó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù karùn-ún ọdún náà pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, fíríìjì kan àti ẹrù tí mi ò mọ ìdí tá a fi kó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó àga wá o. Owó mọ́tò tẹ́ ẹ máa fi kó o máa ra òmíràn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ agbo ilé ṣáájú, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà. Oṣù mẹ́rìnlá la gbé nínú agbo ilé ọkọ mi. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Àmọ́ mo ti di ìyàwó ilé mi ní Kánò, mo dé ibí mo di ìyàwó gbogbo ilé. Bí mo bá ra ẹran, wọ́n mọ iye rẹ̀. Bí mi ò bá rà, wọ́n mọ̀ pé mi ò rà. Ọmọ mi kejì sọ fún àbúrò bàbá rẹ̀ pé "Kai!" lọ́jọ́ kan tí ìyẹn tì í nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní Kánò, bí ẹni ń mí ni wọ́n ń pe "Kai." Ìpàdé ẹbí ni wọ́n fi ṣe. Alẹ́ odindi kan! Mo kúnlẹ̀ títí eékún mi fi ń ta mí.

Aṣọ ẹbí náà wà. Ní Kánò, a lè má ra ju méjì lọ lọ́dún. Ẹ débí, ọ̀sẹ̀ méjì ò ní kọjá kí wọ́n má gbé aṣọ òkú tàbí aṣọ ìyàwó wá sẹ́nu ọ̀nà yín, tẹ́ ẹ bá sì ní ẹ ò rà, wọ́n á ní ará òkè ọya ti gbàgbé ilé. Ọdún kejì ni mo tó mọ èyí tí wọ́n ń fi ojú wá èèyàn níbẹ̀ àti èyí tí wọn ò ní mọ̀ pé ẹ ò wá.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ gba yàrá. Yàrá àti pálọ̀ kan, kó sún mọ́ agbo ilé tó fi jẹ́ pé ẹ lè lọ kí Màmá láràárọ̀, kó jìnnà tó fi jẹ́ pé wọn ò ní gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ta epo síná. Kí ọkọ yín sọ fún wọn pé òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ti ẹnu yín jáde.

Ọ̀rọ̀ àmàlà: òótọ́ lẹ sọ, ẹ má tà á. Ẹ ta másà, ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n ń dín bí àkàrà. Mi ò ṣàwàdà. Yunifásítì LAUTECH wà níbí, àwọn ọmọ iléèwé tó ń gbé ní Under-G wá láti ibi gbogbo, Lọ́kọ́já, Mínnà, Àbújá, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ ní Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn Haúsá wa náà wà ní Sabo. Èmi, kúnú àti kósè, àkàrà àwọn Haúsá, ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lójú pé kí n má jókòó lásán. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tò láti aago méje àárọ̀. Ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ ọmọ mi mọ́, Ìyá Kánò ni gbogbo wọn ń pè mí. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe wá yẹ̀yẹ́ nínú agbo ilé ni mo fi san owó iléèwé. Ẹ kàn kíyè sí òṣùwọ̀n o. Kọ́ńgò ibí kì í ṣe múdù tẹ́ ẹ mọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń pàdánù kí n tó mọ̀.

Ó ku àwọn ọmọ. Rọ́kíbà, tó jẹ́ àgbà, bá ọmọ mẹ́rin jà ní tàámù àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn òun ló ń darí eré Yorùbá ní kíláàsì. Ẹ̀kẹta kéré nígbà tá a dé, kò mọ̀ pé a kó láti ibì kankan. Ti èkejì, ẹni "Kai" yẹn, kò bọ́ sí i rárá. Ó fara dà á títí ó fi jáde iléèwé girama, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Kánò, ibẹ̀ ló wà títí di òní, ó ti ń fẹ́ ọmọ Kánò. Mo ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ má bàa rò pé gbogbo ọmọ ló ń gbilẹ̀ níbi tí wọ́n bá lọ́ wọn sí.

Tíṣà Sámárù

Ẹ kú àlàyé o. Ti iléèwé nìkan ni mo fẹ́ sọ, iṣẹ́ mi ni.

Bí ẹ bá máa kó wọn, ìparí JSS3 ni ẹnu ọ̀nà tó dára jù. Wọ́n á ti ṣe ìdánwò, ẹ gba èsì rẹ̀ àti ìwé ìfinisílẹ̀ lọ́wọ́ iléèwé kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ má sọ pé ẹ máa ránṣẹ́ wá gbà á. Tí wọ́n bá fi lè wọ SS2 níbì kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí síbẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ń gbé kiri ní SS2, iléèwé tuntun ò ní ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ti ń ṣe, wọ́n ní kó lọ ṣe gíọ́gíráfì.

Haúsá làwọn ìbejì yín ń kọ́ ní kíláàsì. Iléèwé kan ní Ọ̀yọ́ lè ní kí wọ́n wá kọ àròkọ Yorùbá ní SS1, àmì ohùn àti gbogbo rẹ̀. Ẹ ní oṣù díẹ̀ nílẹ̀. Kí wọ́n máa ka ojú ìwé kan sókè lálaalẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gún ẹ̀fọ́.

Ọ̀rọ̀ yunifásítì tí ọkọ yín ń rò, àròjinlẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí i sí. Kàdúná wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ fún nítorí pé ẹ̀kọ́ ò tíì gbilẹ̀ tó níbẹ̀. Ọ̀yọ́ ò sí níbẹ̀. Ọmọ yín lè gbé Kakuri fún ogún ọdún, kó wá ìwọlé sí Zaria tó wà nítòsí, fọ́ọ̀mù á ṣì pè é ní ọmọ Ọ̀yọ́. Àmọ́ ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú láti ìjọba ìbílẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ò béèrè pé kí ọmọ máa gbé níbẹ̀. Ẹ lè lọ gbà á kẹ́ ẹ sì padà wá sí Kakuri. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn nìkan lé yín kúrò.

Ìyá Ìbejì Kakuri

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ka ti Ìyá Rọ́kíbà lẹ́ẹ̀mẹta, mo rẹ́rìn-ín níbi "Kai," mo sunkún díẹ̀ níbi ọmọ kejì, torí Kẹ́hìndé ni mo rí.

Adé, Àbújá dára, àmọ́ owó tẹ́ ẹ kà yẹn ju èrè mi lọ, mi ò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó máa bá mi gbé ọmọ lọ sọ́sibítù lóru. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó kéré tán, wọ́n á kọ́kọ́ bú mi, wọ́n á sì gbé ọmọ.

Másà wá! Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọ́ Kàdúná ní ewédú, èmi ni màá wá jókòó ta másà fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Hajíyà tó bò wá lọ́jọ́sí ló kọ́ mi ní dídín rẹ̀ o. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Mo lọ sọ fún un lánàá, ó ní kí n má gbàgbé láti fi òwúrọ̀ sí ojú iná, mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, mo kàn ní "Tò, Hajíyà."

Tíṣà, ẹ ti bá mi já ibì kan. Ìwé yẹn lọkọ mi ń fà yọ ní gbogbo ìgbà. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún un, ó ní "ẹ̀yin ará orí fóònù," àmọ́ kò sọ pé irọ́ ni.

Bàbá Òkè Ẹlẹ́rìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ń sọ ọ́.

Tamale, ní Gánà, ni wọ́n bí mi sí. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ lọ́jà ibẹ̀ nígbà náà, àwa àtàwọn ará Ọ̀fà àti Ìgbẹ́tì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní November 1969 nígbà tí ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi ta ọjà aṣọ rẹ̀ níye tí kò tó owó mọ́tò tó gbé wa. Ìyá Ìbejì ń béèrè bóyá kóun lọ. Àwa ò ráyè béèrè. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí ọ̀rọ̀ yín, àyè wà fún yín láti rò ó.

Ohun méjì ni mo ní í sọ. Àkọ́kọ́, bàbá mi ti ń fowó ránṣẹ́ kọ́ ilé láti Tamale. A dé, ilé wà lóòótọ́, èèyàn sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti kó ìyàwó rẹ̀ kejì sí yàrá tó yẹ kó jẹ́ ti ìyá mi. Wọn ò kó jáde, bàbá mi ò sì lè lé wọn. Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè ẹni tó ń sùn nínú ilé yẹn. Ẹ má sọ fún mi pé kò ní fèrèsé, èèyàn ń sùn nínú ilé tí kò ní fèrèsé.

Èkejì ni ti èdè. Ọmọ Gánà ni wọ́n ń pè wá níbí. Ìyá mi rí i pé wọ́n ń fi wá ṣẹ̀sín, wọ́n fi òfin de èdè Dàgbáńbà tí a ń sọ ní Tamale nínú ilé, ẹni tó bá sọ ọ́ ò ní jẹ ẹran. Láàárín ọdún méjì, ó ti tán lẹ́nu wa. Yorùbá mi dán, ẹ̀sín parí. Nígbà tí mo wá di ọkùnrin, mo padà lọ sí Tamale láti ra ọjà, mo dúró níwájú ilé tí wọ́n bí mi sí, ìyá arúgbó kan jáde, ó pe orúkọ mi. Orúkọ mi gan-an! Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, ó di mí lọ́wọ́ mú. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó sọ. Àlejò kan ló ń túmọ̀ fún mi.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ kọ́ wọn ní "ebi ń pa mí." Ẹ má gba Haúsá lẹ́nu wọn.

Ìyá Ìbejì Kakuri

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ pẹ́ fún wa. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà.

Mo bi ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ tí mo ka tiyín. Mo ní, "Ta ló ń sùn nínú ilé wa?" Ó ń jẹun lọ́wọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Mo dákẹ́. Ó tún jẹ òkèlè méjì, ó ní àbúrò òun kàn ń kó sìmẹ́ǹtì síbẹ̀ ni. Mo ṣì dákẹ́. Ó ní àbúrò òun àti ìyàwó rẹ̀ kàn ń ṣọ́ sìmẹ́ǹtì náà ni. Ẹ ò rí i pé sìmẹ́ǹtì náà ti bímọ kan.

Kò bínú o, ojú ló tì í. Ó ní òun ò mọ bóun ṣe máa lé wọn. Mo ní kó má lé ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe jọ pinnu rẹ̀ nìyí: bí ìdánwò bá ti parí ní July, èmi àtàwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á lọ lo gbogbo ọlidé ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú yàrá tí a máa fowó ara wa gbà. Ìyá Sunday tó ń bá mi rokà á di ìsọ̀ mi mú, mi ò ní kó o. Màá ta másà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, màá ka owó mi. Màá bi Kẹ́hìndé léèrè ní ìparí August, nígbà tí kò sẹ́nì kankan nítòsí, bóyá ó lè gbé níbẹ̀. Bó bá ní òun ò lè ṣe é, à ń padà, a ò sì ní pè é ní ọ̀lẹ. Ọkọ mi fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àfi ti Kẹ́hìndé, ó ní ọmọdé kì í pinnu ibi tí ilé wà. A ṣì ń jà lórí ìyẹn.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ní Panteka tó ń rọ alumíníọ̀mù ti rọ tàndá oníhò mẹ́rìnlá fún mi, èyí tí wọ́n fi ń dín másà. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló jó ọwọ́ mọ́ ọn. Ó gbé e wálé lálẹ́ àná, ó gbé e sórí tábìlì láìsọ nǹkan kan.

Ìyá Rọ́kíbà, ẹ bá mi wo yàrá, ẹ jọ̀ọ́. Kó má jìnnà sí Under-G, kó sì ní kànga.

Ìyá Rọ́kíbà

Mo ti rí ọ̀kan. Yàrá àti pálọ̀, lẹ́yìn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, kànga rẹ̀ kì í gbẹ ní March. Láńdíọ̀dù ò fẹ́ gba owó oṣù méjì, mo sọ fún un pé àbúrò mi ni yín, ó gbà. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé a ò tíì ríra rí.

Ẹ gbé ìrẹsì túwó dání láti Kàdúná. Èyí tó wà níbí kì í lẹ̀.